Ẹ Bi Wá, A Dá Yín Lóhùn: Kíkọ́ Ẹ̀kọ́ Ìtàn ní Yunifásítì Òkèèrè

Ìbéèrè tí ẹ kọ ránṣẹ́ lórí kíkọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn lókè òkun pọ̀ débi pé ṣíṣà la ṣà wọ́n. Àwọn tó jọra, a pa wọ́n pọ̀ sójú kan. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ gan-an, kó yẹ inú ti ẹlòmíì wò.

ÌBÉÈRÈ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìtàn ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ jí mi lóru, màá ka orúkọ àwọn ọba àti ọdún tí wọ́n jẹ láìṣì í. Mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù UCAS, àjọ tó ń bá àwọn yunifásítì ìlú ọba gba fọ́ọ̀mù, kí n lè lọ síbẹ̀. Kí ni kí n kọ tí wọ́n á fi mú mi?

ÌDÁHÙN: Orúkọ ọba tí ẹ mọ̀ lórí kò burú, àmọ́ òun kọ́ ni wọ́n fi ń múni. Ohun tí àwọn olùkọ́ tó ń ka fọ́ọ̀mù ń wá ni ohun tí ẹ máa ń ṣe nígbà tí ìwé méjì bá ta ko ara wọn.

Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kò le. Ibi 5 ni ẹ lè yàn. V100 ni kóòdù ẹ̀kọ́ ìtàn ní ibi púpọ̀. Ẹ kò lè yan Oxford àti Cambridge papọ̀ lọ́dún kan náà, gbèdéke àwọn méjèèjì sì ni ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ní ọdún tó ṣáájú èyí tí ẹ máa wọlé. Àwọn yòókù ń dúró di àárín oṣù kìn-ín-ní. Lẹ́tà ìjẹ́rìí olùkọ́ yín wà lára ohun tó gbọ́dọ̀ wọlé kí gbèdéke tó pé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń já sí kòtò: wọ́n á parí tiwọn, wọ́n á wá máa pe olùkọ́ kiri ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 4, ó kéré tán.

Ó ku àlàyé ara ẹni. Láti orí àwọn tó ń wọlé ní 2026, wọ́n ti pín in sí ìbéèrè 3: kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ ẹ̀kọ́ yìí, báwo ni ohun tí ẹ ti kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ṣe mú yín gbára dì fún un, kí ni ẹ tún ti ṣe lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ tó wúlò fún un. Tí a bá ka lẹ́tà pẹ̀lú àlàfo, gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 4,000 lọ, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ dín ní 350. Àlàyé kan náà ni ibi márààrún máa kà, torí náà ẹ má dárúkọ yunifásítì kankan síbẹ̀.

Ìlà àkọ́kọ́ ni wọ́n ti máa ń bà á jẹ́: "Láti kékeré ni mo ti nífẹ̀ẹ́ ìtàn." Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù ti ka ìyẹn títí ó ti sú u. Ẹ fi méjì yìí wé ara wọn. Ọ̀kan ní: "Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ìyípadà ńlá tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ó sì wú mi lórí gan-an." Èkejì ní: "Ìwé kan sọ pé ọ̀wọ́n búrẹ́dì ló lé àwọn obìnrin Paris lọ sí ààfin ọba ní Versailles ní oṣù kẹwàá 1789, òmíràn sọ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ló gbé wọn lọ. Mo wá ń bi ara mi pé ta ló kọ ohun tí àwọn obìnrin náà sọ sílẹ̀, ta ló sì ń bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́." Ẹni tó kọ èkejì lè má tíì ka ju ìwé méjì lọ. Àmọ́ ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òpìtàn. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ ka ìwé méjì tí kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, ẹ wá kọ ibi tí wọ́n ti yapa àti ohun tó mú wọn yapa. Ìyẹn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àlàyé yín. Orí ìbéèrè kẹta, ẹ má lo ju ìlà mélòó kan lọ. Ipò olórí akẹ́kọ̀ọ́ kì í mú ẹnikẹ́ni wọ ẹ̀ka ìtàn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin rí ìwé ìgbaniwọlé gbà ní Scotland láti kọ́ ìtàn. MA, ọdún 4, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé oyè kejì kọ́ ni wọ́n ń pè ní MA ni? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ lù wá ní jìbìtì.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ní àwọn yunifásítì àtijọ́ ilẹ̀ Scotland, bí Edinburgh, Glasgow, St Andrews àti Aberdeen, MA ni wọ́n ń pe oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ bí ìtàn. Àṣà wọn ni láti ayébáyé. Oyè kejì, MSc tàbí MLitt ni wọ́n sábà máa ń pè é níbẹ̀. Ní England, ìtàn nìkan ni ọmọ sábà máa ń dojú kọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ló fi ń parí lọ́dún 3. Ní Scotland, á fi ẹ̀kọ́ mìíràn kún un fún ọdún 2 kó tó wá ku ìtàn nìkan. Ó dáa fún ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò tíì dúró sójú kan, àmọ́ ẹ rántí pé owó ọdún kan ló fi lé ti England. Lọ́jọ́ tó bá ń wá iṣẹ́, kó máa kọ ọ́ kedere pé oyè àkọ́kọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ó ń fi oyè tí kò ní yangàn.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni yunifásítì ní Jámánì. Mo fẹ́ lọ kọ́ ìtàn níbẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé ó ṣeé ṣe?

ÌDÁHÙN: Ti ọ̀fẹ́ yẹn sún mọ́ òótọ́, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ló jìnnà.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, yunifásítì ìjọba kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́, àfi owó sáà tí kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan yúrò lọ. Ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, níbi tí Heidelberg, Freiburg àti Tübingen wà, yà sọ́tọ̀: láti 2017 ni wọ́n ti ń gba 1,500 yúrò ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí kò wá láti inú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Lẹ́yìn náà ni owó oúnjẹ àti ilé. Kí ẹ tó gba físà, ẹ máa fi owó ọdún kan pamọ́ sínú àkáǹtì tí wọ́n ń tì pa, tí wọ́n ń pè ní Sperrkonto. Iye tó wà nílẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án 2024 ni 11,904 yúrò, 992 yúrò ni wọ́n sì ń tú sílẹ̀ nínú rẹ̀ lóṣooṣù. Owó yín náà ni, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ pé kí ẹ tó kúrò nílé.

Èdè wá ńkọ́? Oyè àkọ́kọ́ nínú ìtàn, èdè Jámánì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ níbi gbogbo, bí kò bá ṣe ibi díẹ̀. Ìdánwò èdè Jámánì ni wọ́n sábà máa ń béèrè: DSH-2, tàbí TestDaF tí ẹ gba ipele 4 ní apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ṣì ń béèrè Látìn, pàápàá fún ìtàn ayé àtijọ́ àti ti sànmánì àárín. Ẹ ka ojú ìwé ẹ̀ka náà dáadáa, torí pé nígbà mìíràn wọ́n á gbà yín wọlé láìsí Látìn, kí wọ́n tó wá sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀ kí ọdún 2 tó pé. Oyè kejì ni Gẹ̀ẹ́sì ti wà díẹ̀, bí ètò ìtàn àgbáyé tí Freie Universität àti Humboldt jọ ń ṣe ní Berlin.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba ìwé nípasẹ̀ uni-assist, àjọ tó ń bá wọn yẹ ìwé wò: 75 yúrò fún ibi àkọ́kọ́, 30 yúrò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e ní sáà kan náà. Ọjọ́ 15, oṣù keje ni gbèdéke sáà òtútù ní ibi púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí tiyín ti dé ọ̀dọ̀ wọn ní oṣù karùn-ún. Ìwé kan tí kò ní òǹtẹ̀, tàbí ìtumọ̀ tí kì í ṣe ti atúmọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, ti tó láti dá gbogbo rẹ̀ dúró.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gba fọ́ọ̀mù PhD ìtàn ní Amẹ́ríkà, ibi 7 ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀sì kíláàsì ni mo fi jáde. Gbogbo wọn ló kọ̀ mí. "Ìjọba amúnisìn àti ìdàgbàsókè Áfíríkà" ni àkòrí mi. Níbo ni mo ti ṣì í?

ÌDÁHÙN: Láti orí àkòrí ni. Kò burú, ó kàn tóbi ju ohun tí ẹnì kan lè gbé lọ ni. Ẹni tó bá kà á kò ní mọ ìwé tí ẹ fẹ́ lọ tú, ìlú tí ẹ fẹ́ lọ jókòó sí, tàbí ohun tí ẹ kò tíì mọ̀ tí ẹ fẹ́ mọ̀. Ẹ gé e báyìí: "Nínú kóòtù ìjọba amúnisìn ní ìlú kan ṣoṣo, láàárín 1900 sí 1914, ta ni àwọn ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, báwo sì ni ìtumọ̀ wọn ṣe ń yí ìdájọ́ padà?" Ó ní ibi, ó ní àkókò, ó ní èèyàn, ó sì ní ìwé tí wọ́n lè wá a sí. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣa èèyàn máa béèrè ohun mẹ́ta: ṣé ẹ̀rí wà? Ṣé ẹni yìí lè kà á? Ta ni nínú wa tó lè bójú tó o? Fọ́ọ̀sì kíláàsì yín kò dáhùn ọ̀kankan nínú wọn.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣà á bẹ́ẹ̀ ni owó. PhD ìtàn ní Amẹ́ríkà ń gba ọdún 5 sí 7, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀. Ọdún 2 tàbí 3 àkọ́kọ́ jẹ́ ti kíláàsì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdánwò ńlá, níbi tí ẹ ti máa dáhùn lórí ọ̀pọ̀ ìwé nínú ẹ̀ka bíi 3 tàbí 4. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó tó lọ ṣe ìwádìí tí ẹ ó sì kọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ńlá sábà ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún yín, wọ́n á tún máa fún yín ní owó oṣù, wọ́n á sì fi yín ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ náwó báyẹn lé lórí, wọn kì í mú púpọ̀. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn kan ti dín iye tí wọ́n ń gbà kù, àwọn kan tilẹ̀ dá gbígba èèyàn dúró fún ọdún kan. Ẹ yẹ ojú ìwé ẹ̀ka náà wò kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù.

Ìwé tó wúwo jù nínú ẹrù yín ni àpẹẹrẹ iṣẹ́ ìkọ̀wé, tó sábà máa ń jẹ́ ojú ìwé 20 sí 25. Ìwà kan wọ́pọ̀: orí kejì iṣẹ́ àṣekágbá ni èèyàn ń fi ránṣẹ́, níbi tó ti ń to ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti sọ lẹ́sẹẹsẹ. Ó ń fi hàn pé ẹ ti kàwé, kò fi hàn pé ẹ lè ṣe ìwádìí. Orí tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín tú ìwé àtijọ́, ìwé ìròyìn ìgbà náà tàbí ẹ̀rí ẹnu, tí ẹ sì jiyàn lé e lórí, ni kí ẹ fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ìtọ́kasí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó pé. Bí kò bá sí irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ yín, ẹ lo oṣù mẹ́fà láti kọ ọ̀kan kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù nígbà kẹta.

Àlàyé ìdí tí ẹ fi fẹ́ wá kò ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 1,000 lọ. Ìbéèrè yín ni kó ṣáájú, kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé yín. Kí ẹ̀rí tí ẹ mọ̀ pé ó wà tẹ̀ lé e, àti ibi tó wà. Lẹ́yìn náà ohun tí ẹ ti ṣe lórí rẹ̀. Ní ìparí, olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta ní ẹ̀ka náà àti ibi tí iṣẹ́ wọn ti kan tiyín. Apá ìparí yìí gbọ́dọ̀ yàtọ̀ fún ibi méjèèje. Lẹ́tà ìjẹ́rìí 3, kó jẹ́ ti ẹni tó ti ka ìwé tí ẹ kọ tó sì lè sọ bó ṣe rí. Lẹ́tà gíwá tí kò mọ̀ yín rí kò tó ti olùkọ́ kékeré tó fi gègé pupa ṣàtúnṣe iṣẹ́ yín.

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá sí àárín oṣù kìn-ín-ní ni gbèdéke máa ń bọ́ sí. Èsì ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní oṣù kejì, ọjọ́ 15, oṣù kẹrin sì ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fún èèyàn láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún owó tí wọ́n fi lọ̀ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo gbọ́dọ̀ ṣe GRE, ìdánwò àṣewọlé oyè gíga ní Amẹ́ríkà?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀ka ìtàn tó pọ̀ jù ti pa á tì. Ẹ wo ojú ìwé tiyín.

ÌBÉÈRÈ: Mo kọ ímeèlì sí ọ̀jọ̀gbọ́n 20 ní ìlú ọba pé kí wọ́n bójú tó PhD mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn, ó ní òun ti fẹ̀yìn tì. Ẹ gbà mí.

ÌDÁHÙN: Ẹni yẹn ṣe yín lóore, torí ó ti fi àṣírí ọ̀rọ̀ náà hàn yín: ẹ kò ka ojú ìwé rẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé sí i. Ní ìlú ọba, kò sí kíláàsì púpọ̀ nínú PhD ìtàn. Ọdún 3 sí 4 ni, ìwé tí kì í sábà ju ọ̀rọ̀ 80,000 sí 100,000 lọ ni ẹ máa kọ, ẹnì kan tàbí méjì ni yóò sì bójú tó yín títí dé òpin. Nítorí náà, bí ẹni yẹn kò bá gbà, fọ́ọ̀mù náà ti kú.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ 150 sí 200, kò gbọdọ̀ jù. Ìbéèrè yín ní gbólóhùn méjì. Ìwé tí ẹ máa lò, àti ibi tó wà. Ohun kan pàtó tí ẹ kà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí tiyín fẹ́ fà gùn tàbí tó fẹ́ ta kò. Kí ẹ wá béèrè ohun kan péré: ṣé ẹ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun fún ọdún tó ń bọ̀? Ẹ so ojú ìwé kan tàbí méjì àbá yín mọ́ ọn; èyí tó máa wọ inú fọ́ọ̀mù ló ń tó ọ̀rọ̀ 1,000 sí 1,500. Oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá ló dáa jù láti kọ̀wé. Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá kọjá, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọjá lọ. Èèyàn 5 tí ẹ yàn dáadáa sàn ju 20 tí ẹ fi ímeèlì kan náà ránṣẹ́ sí.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ṣe oyè kejì lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n lọ ka ìwé ìjọba ní The National Archives ní Kew, London. Mi ò dé irú ibẹ̀ rí. Kí ni mo máa mú dání, báwo ni mo sì ṣe máa ṣe é?

ÌDÁHÙN: Ẹ máa gba káàdì òǹkàwé. Ọ̀fẹ́ ni, ọdún 3 ló sì ń lò. Ìwé méjì ni wọ́n máa béèrè: ọ̀kan tó fi orúkọ yín hàn, bíi pásípọ́ọ̀tù, àti ọ̀kan tó fi àdírẹ́sì hàn. Àdírẹ́sì yìí ló ń dá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú lẹ́tà báǹkì dání. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ Ajé, yàrá ìkàwé kì í ṣí.

Pẹ́ńsùlù nìkan ló ń wọlé, bírò kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, ìrésà náà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà àti kámẹ́rà lè wọlé, ẹ ṣáà pa iná kámẹ́rà. Báàgì àti kóòtù ń dúró sínú àpótí ìta.

Kí ẹ tó kúrò nílé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà ìwé tí ẹ fẹ́ lórí Discovery, kátálọ́ọ̀gì wọn. Nọ́ńbà náà ní apá mẹ́ta. Ẹ wo CO 879/58: CO ni Colonial Office, ọ́fíìsì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ tí wọ́n mú sìn, 879 ni ọ̀wọ́ ìwé àṣírí tí wọ́n tẹ̀ lórí Áfíríkà, 58 ni ìdì ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ka ìgbà òmìnira kò gbọdọ̀ fo FCO 141. Ìwé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó kúrò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ ni. Hanslope Park, ọgbà ìjọba kan ní England, ni wọ́n tọ́jú wọn sí, ìjọba kò sì jẹ́wọ́ rẹ̀ títí di 2011, nígbà tí ẹjọ́ tí àwọn ará Kẹ́ńyà tí wọ́n fìyà jẹ nígbà ọ̀tẹ̀ Mau Mau pè wọ́n ní London ń lọ lọ́wọ́. Láti 2012 ni wọ́n ti ń gbé e síta.

Bí ẹ bá ṣí ìdì ìwé Colonial Office, ẹ ó rí lẹ́tà tí gómìnà kọ wá. Ọ̀pọ̀ ń ka lẹ́tà yẹn nìkan. Ẹ wo bébà tó wà níwájú rẹ̀, níbi tí àwọn akọ̀wé ní London ti fi ọwọ́ kọ èrò wọn síra wọn: ẹnì kan ní kí wọ́n gbà, èkejì ní gómìnà ń parọ́, ẹ̀kẹta fi lẹ́tà orúkọ rẹ̀ méjì sísàlẹ̀. Ìjà tí ẹ ń wá, ibẹ̀ ló wà.

Ẹ ya fọ́tò èèpo ìdì náà kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn kí ẹ tó ya fọ́tò ohunkóhun nínú rẹ̀, kí ẹ sì fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó ní nọ́ńbà ìdì àti ti ewé. Ewé ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ojú ìwé: f. 12r ni iwájú, f. 12v ni ẹ̀yìn ewé kan náà. Ẹni tó délé pẹ̀lú fọ́tò 600 tí kò ní nọ́ńbà ti pàdánù ìrìn àjò rẹ̀, nítorí pé kò lè tọ́ka sí ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́. Kó tó di 1752, ọjọ́ 25, oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé òfin ní England. Lẹ́tà tí wọ́n kọ "ọjọ́ 10, oṣù kejì 1700" sí lára, 1701 ni lójú wa. Ní 1752 yẹn kan náà, ọjọ́ 2, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sùn, ọjọ́ 14 ni wọ́n jí. Rọ́ṣíà ṣe irú rẹ̀ ní 1918, ìdí nìyẹn tí ìyípadà tí wọ́n ń pè ní ti oṣù kẹwàá fi bọ́ sí ọjọ́ 7, oṣù kọkànlá 1917 lórí kàlẹ́ńdà tiwa. Ẹni tí kò mọ̀ á máa sọ pé èsì dé kí lẹ́tà tó lọ.

ÌBÉÈRÈ: Àròkọ mi gba 54 ní England. Olùkọ́ kọ sí i pé mò ń ròyìn, n kò jiyàn. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo kọ, ọdún kan ò yẹ̀. Kí ni wọ́n tún fẹ́?

ÌDÁHÙN: 54 kì í ṣe fèlì. 40 ni wọ́n fi ń yege ní oyè àkọ́kọ́, 60 sí 69 dára, 70 ni ti ọ̀gá. Ẹ má retí 90.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìbéèrè ni: kí ló dé tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní 1807? Irú àròkọ yín á bẹ̀rẹ̀ pé ní 1787 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní London láti fòpin sí i. Ní 1791 àwọn ẹrú dìde ní Saint-Domingue, tí a ń pè ní Haiti lónìí. Ní 1807 òfin jáde. Gbogbo rẹ̀ jóòótọ́, kò sì dáhùn ìbéèrè. Ẹ yí i: "Ẹgbẹ́ 1787 ló kó ọkàn àwọn èèyàn jọ, àmọ́ ogún ọdún ló kọjá kí òfin tó jáde; ohun tó dá a dúró àti ohun tó tú u sílẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ wá nínú ogun pẹ̀lú Faransé." Ẹlòmíì lè bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀rí wá, kí ẹ sì mú èyí tó lòdì sí yín wá pẹ̀lú, kí ẹ sọ bó ṣe wúwo tó.

Ẹ dán àròkọ yín wò báyìí: ẹ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí ọdún ló bẹ̀rẹ̀ wọn, ìròyìn ni. Bí wọ́n bá tò bí ẹjọ́ tí lọ́yà ń rò, ẹ ti wà lójú ọ̀nà.

Ẹ̀rí pẹ̀lú ní ibi tó mọ. Ìwé owó orí ń sọ iye ẹni tó san. Kì í sọ iye ẹni tó sá wọgbó lọ́jọ́ tí agbowó dé. Ẹ máa kọ irú ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀, bí ChatGPT: ó lè dárúkọ ìwé tí kò sí láyé, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé. Olùkọ́ ìtàn máa ń yẹ ìtọ́kasí wò, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan tó bá jẹ́ ayédèrú ti tó láti gbé yín lọ síwájú ìgbìmọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo níyàwó, mo sì bí ọmọ 2. Mo fẹ́ ṣe oyè kejì nínú ìtàn ní ìlú ọba. Ṣé wọ́n lè bá mi lọ? Sikọ́láṣíìpù ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Láti oṣù kìn-ín-ní 2024, ẹni tó ń ṣe oyè kejì oníkíláàsì kò lè mú ìdílé lọ mọ́. Ẹni tó ń ṣe PhD tàbí oyè kejì tó jẹ́ ti ìwádìí lè mú wọn. Ẹ wo orúkọ ètò náà dáadáa, torí pé ìtàn wà ní oríṣi méjèèjì. Owó ìtọ́jú ìlera jẹ́ 776 pọ́n-ùn lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Owó tí ẹ fi máa gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 léraléra. Bó bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo já wálẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ kíkà lákọ̀tun.

Sikọ́láṣíìpù Chevening, ti ìjọba ìlú ọba, ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ọkọ̀ òfuurufú àti owó oṣù fún oyè kejì ọdún kan. Wọ́n ń béèrè wákàtí 2,800 lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀kọ́ 3 ni ẹ máa yàn, ẹ ó sì padà sílé fún ọdún 2, ó kéré tán. Oṣù kẹjọ ló ń ṣí, ó sì ń tì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Sikọ́láṣíìpù Clarendon ní Oxford kò ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ẹni tó bá fi fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé ránṣẹ́ kí gbèdéke oṣù kejìlá tàbí oṣù kìn-ín-ní tó kọjá ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń rò ó pé kí òun fi Amẹ́ríkà rọ́pò, kó mọ̀ pé oṣù 12 ni wọ́n ń fúnni láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Oṣù 24 tí wọ́n ń fi kún un jẹ́ ti àwọn onísáyẹ́ǹsì, kò kan òpìtàn.

ÌBÉÈRÈ: Èdè wo ni kí n kọ́ kí n tó lọ?

ÌDÁHÙN: Èdè tí wọ́n fi kọ ìwé tí ẹ fẹ́ kà. Èdè tí yunifásítì fi ń kọ́ni lè yàtọ̀ sí i. Ẹni tó fẹ́ ka ìtàn ilẹ̀ tí Faransé ṣàkóso máa jókòó sí Aix-en-Provence, níbi tí ìwé àwọn ilẹ̀ òkèèrè wọn wà, bó bá tilẹ̀ jẹ́ Chicago ló ti forúkọ sílẹ̀.

Kí ẹ sì béèrè irú ọwọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tó gbọ́ èdè Tọ́kì òde òní dáadáa kò lè ka ìwé ìjọba Tọ́kì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ottoman, nítorí álífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá ni wọ́n ń lò kó tó di 1928. Ọmọ Jámánì òde òní náà máa ń dúró bí ẹni tí kò kàwé rí níwájú lẹ́tà bàbá ńlá rẹ̀. Kurrent ni wọ́n ń pe irú ọwọ́ yẹn, 1941 ni ìjọba dá kíkọ́ ọ dúró ní ilé ẹ̀kọ́. Fún ọwọ́ ìkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì láti 1500 sí 1800, The National Archives ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ìṣẹ́jú 30 sí i lójoojúmọ́ fún oṣù 2. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kò ní rí ju ọ̀rọ̀ kan lọ nínú mẹ́ta.